Báálù Méjì Fi Apá Gbára Wọn Nílẹ̀: Èsì fún Ìyá Kan ní Kubwa

Ìyá kan tó ń gbé ní Kubwa, ní Abuja níbí, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ kúrò níbẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ọmọ mi ọkùnrin ti ń kọ́ báálù wíwà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí pé báálù méjì fi apá gbára wọn ní pápá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Kò tíì sí èyí tó gbéra nínú méjèèjì o, ilẹ̀ ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n á ti gbéra ni. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, ọmọ mi ò sì sí nínú ìkankan, ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn látìgbà yẹn. Bàbá rẹ̀ ní ká lọ mú un wálé. Sà, pápá tó fẹ̀ lọ súà bẹ́ẹ̀, báwo ni báálù méjì ò ṣe ní rí ara wọn níbẹ̀? Ṣé àwọn tó wà ní táwà ń sùn ni? Ṣé báálù ò ní họ́ọ̀nù ni? Bí wọn ò bá lè wà á nílẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wà á lókè?"

Màmá, ẹ kú àìsùn. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báálù wíwà ní ilẹ̀ Àríwá yìí kí n tó fẹ̀yìn tì sí Abuja, ìyá tó sì ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, torí mo rí i pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù. Ṣé ẹ ti wo igún rí bó ṣe ń rìn lórí ààtàn? Á máa ta gẹ́gẹ́, á máa fò tọ́ tọ́ tọ́ bí ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn. Igún yẹn kan náà, bó bá na apá sójú ọ̀run, ẹ ò ní rí i kó fi kan ohunkóhun. Bí báálù ṣe rí náà nìyẹn. Òfurufú ni wọ́n ṣe é fún. Ilẹ̀ ló há fún un, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sún mọ́ ara wọn, ilẹ̀ náà ni ọkọ̀ epo, òpó iná, ilé àti èèyàn wà. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa lè fi apá họ nǹkan nílẹ̀, ẹni tó sì ti fi ogún ọdún jẹun nídìí iṣẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ní pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York, apá ọkọ̀ òfurufú ńlá kan, Airbus A380, gbá ìrù ọkọ̀ òfurufú kékeré kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní Atlanta, apá Airbus A350 kan gé ìrù ọkọ̀ tó kéré sí i já. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú àwọn tó ń wà wọ́n. Nítorí náà, àwọn ọmọ tó fi apá gbára wọn yẹn kì í ṣe òdè ọmọ, àṣìṣe tí wọ́n ṣe kò sì fi hàn pé wọn ò lè fò.

Ẹ wá jẹ́ ká wo báálù fúnra rẹ̀. Cessna 172 tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ṣẹ́ káàkiri ayé, láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì jẹ́ mítà 11. Diamond DA40 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 12. Corolla tí ẹ ń rí ní títì Wuse kò pé mítà 2 ní ìbú. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wa ohun tó fẹ̀ tó Corolla mẹ́fà tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó sì jẹ́ pé inú àpótí kékeré kan láàárín ló jókòó sí. Ẹsẹ̀ ló fi ń darí rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Nínú Cessna, pẹ́dà ẹsẹ̀ máa ń yí táyà iwájú díẹ̀. Nínú DA40, ńṣe ni táyà iwájú kàn ń yí kiri bíi táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì. Bíréèkì ọ̀tún àti ti òsì ni awakọ̀ fi ń yà. Bí bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan bá kọṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan ló máa mú, báálù á sì fì sí ẹ̀gbẹ́ yẹn lójijì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà kì í fẹ́ kó dúró, torí bí èèyàn tiẹ̀ dín agbára rẹ̀ kù pátápátá, abẹ̀bẹ̀ iwájú yẹn á ṣì máa fà á lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n á fi agbára sí i ju bó ṣe yẹ lọ, á tún tẹ bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn, bíréèkì á gbóná, ìgbà tó bá wá nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní mú. Irú báálù kékeré yìí kò ní rìfáàsì. Ọwọ́ la fi ń tì í sẹ́yìn lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Kò ní dígí tí èèyàn fi ń wo ẹ̀yìn. Ti họ́ọ̀nù tí ẹ béèrè, kò sí èyí tí ẹnì kejì lè gbọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń pariwo níwájú rẹ̀, ó sì ti fi hẹ́dífóònù bo etí méjèèjì.

Ẹ ní báwo ni wọn ò ṣe ní rí ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ríra wọn dáadáa. Ẹni tó fi apá họ ìrù báálù ẹlòmíràn ti lè máa wò ó bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí kò rí ni ibi tí apá tirẹ̀ parí sí. Mo ní ìdánwò kan tí mo máa ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nínú báálù tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Màá gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan lé orí tábìlì kan ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ níwájú apá òsì, màá ní kí ọmọ náà jókòó sáyè rẹ̀, kó sọ fún mi bóyá apá á kọjá láì kan kẹ́ẹ̀gì tí a bá lọ tààrà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á ní, "Á kọjá, sà." A ó wá fi ọwọ́ tì báálù náà síwájú jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnnì kíkú, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì, títí ṣóńṣó apá á fi dé orí kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì á sì ṣubú. Mo ti rí ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ lọ wo kẹ́ẹ̀gì náà bóyá mo sún un. Ojú èèyàn kò mọ bí a ṣe ń wọn ìkángun apá tó nà jáde mítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àfi kó kọ́ ọ. Báálù tí apá rẹ̀ wà lókè náà ní bó ṣe ń tan ni: á kọjá lórí kẹ́ẹ̀gì láì fọwọ́ kàn án, ọkàn awakọ̀ á balẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí apá kan náà á fi kan òrùlé ọkọ̀ epo. Èyí tí táyà kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù ló tún le jù, torí imú rẹ̀ ga débi pé ẹni tó ń wà á á máa yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ejò kó tó lè rí ọ̀nà níwájú. Òjìji máa ń ranni lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá wà lórí ẹni. Bí òjìji apá rẹ bá fẹ́ kan òjìji ohun mìíràn, dúró. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀, òjìji ti nà lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e á kan nǹkan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi tí ojú wà. Nínú báálù, ìwé pọ̀ tí èèyàn ń kà nílẹ̀: kí ni kí n tàn, kí ni kí n yẹ̀ wò, kí ni táwà sọ, èwo ni nọ́ńbà rédíò. Lónìí, wọ́n tún ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé wọn lórí itan. Bí báálù bá ń lọ ní kìlómítà 18 ní wákàtí kan, tí kì í ṣe eré rárá lójú awakọ̀ mọ́tò, mítà 5 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọmọ tẹrí ba fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ó ti lọ mítà 15 láì wo iwájú, ìyẹn sì ju fífẹ̀ apá rẹ̀ lọ. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì máa gbà kó tó dúró á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún wọn pé láàárín àwọn báálù tó wà ní ìdúró, kí wọ́n má rìn ju ìrìn ẹni tó ń kánjú lọ kírun Jímọ́ọ̀ lọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ mú, ní pápá kan tí mi ò ní dárúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó ní òsì, èmi ní ọ̀tún, a ń rìn jáde jẹ́jẹ́ láàárín àwọn báálù. Òun ń ka ìwé sókè, èmi ń kọ ohun tí táwà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sórí bébà tó wà lórí itan mi. Ó rò pé mò ń wo iwájú. Mo rò pé ó ń wo iwájú. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ọ̀bẹ ṣí agolo mílíìkì. Kí ẹsẹ̀ mi tó dé bíréèkì, imú báálù ti fì sọ́tùn-ún. Apá ọ̀tún wa, apá tó wà lọ́dọ̀ mi gan-an, ti wọ ìrù báálù kan tó dúró jẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú rẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, gíláàsì iná aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lórí ṣóńṣó apá ọ̀tún ti fọ́ wẹ́wẹ́, ó ń dán nínú eruku. Ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ń sọ pé, "Sà, ẹ má bínú." Mo ní kó dákẹ́, ẹ̀bi mi ni, èmi ni olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé òun gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, òun rí ìrù báálù yẹn, ṣùgbọ́n òun rò pé sà ti rí i. Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Látọjọ́ náà, nínú báálù tí mo bá wà, ẹni tó bá fẹ́ kàwé tàbí kọ nǹkan, báálù á kọ́kọ́ dúró.

Àwọn tó wà ní táwà kò sùn. Ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ NAMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òfurufú, ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni láti sọ ọ̀nà tí báálù máa gbà, ẹni tó máa ṣáájú, àti pé kí ẹnikẹ́ni má wọ runway, ìyẹn ọ̀nà tí báálù ti ń sáré gbéra tó sì ń bà sí, láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sókè ní ibi tó jìn kò lè fojú wọn àlàfo apá mítà kan láàárín báálù méjì, ilé tí wọ́n ń gbé báálù sí sì tún máa ń dí ojú rẹ̀. Bó bá ní kí o máa lọ, kò sọ pé kò sí nǹkan lọ́nà. Ẹni tó ń fọwọ́ juwọ́ darí báálù síbi ìdúró náà lè ṣìṣe. Awakọ̀ ni òfin gbé e lé lọ́rùn. Òfin ìrìn nílẹ̀ wà, kárí ayé sì ni: bí báálù méjì bá dojú kọra, kí àwọn méjèèjì dúró, tàbí bí àyè bá wà, kí kálukú yà sọ́tùn-ún, bí ọ̀nà wọn bá fẹ́ pàdé, ẹni tó rí èkejì ní ọ̀tún rẹ̀ ni kó yàgò, ẹni tó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ ni kó jìnnà sí i. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín ṣẹlẹ̀, nítorí náà mi ò lè dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé fífi apá họra níbi ìdúró àti kí báálù ṣèèṣì wọ runway tí òmíràn ti ń sáré bọ̀ yàtọ̀ síra gan-an. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà pa èèyàn. Èkejì ló ń pa. Ní Linate, ní Milan, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2001, kùrukùru bolẹ̀, jẹ́ẹ̀tì kékeré kan ṣìnà nílẹ̀, ó já sí runway tí ọkọ̀ ńlá kan ti ń gbéra lọ. Èèyàn 118 ló kú. Ní Haneda, ní Tokyo, ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, ọkọ̀ ńlá kan bà lé báálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tó wà lórí runway. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú báálù yẹn kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú ọkọ̀ ńlá náà jáde láàyè. Bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé olùkọ́ jágbe mọ́ òun nítorí pé táyà òun kan ìlà yẹ́lò mẹ́rin tó wà lẹ́nu runway, ẹ má bá a bínú sí olùkọ́ náà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àríwá wa níbí tún ní tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú ọjọ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Bí báálù bá wá kọjú sí oòrùn àárọ̀, gíláàsì eléruku á funfun báláú, ẹ ò ní rí báálù funfun tó wà níwájú yín. Mo ti rí ọmọ tó sáré fi àkísà gbígbẹ nù ún. Ike ni gíláàsì yẹn, iyanrìn á ha á, títí ayé ni á sì máa tàn yanranyanran sójú. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ pé "ó kàn họ díẹ̀ ni," ẹ má yára gbà á. Bí abẹ̀bẹ̀ iwájú bá kan nǹkan nígbà tó ń yí, ipá náà máa ń dé inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Lycoming, tó ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ báálù kékeré, sọ ọ́ nínú ìwé ìkìlọ̀ rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 533 pé kí wọ́n tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ ṣóńṣó apá ló gbá nǹkan, ipá náà máa ń rìn dé ìdí apá, níbi tó ti so mọ́ ara báálù, ẹ ò sì ní rí i láti òde. Inú apá yẹn náà ni epo wà. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó apá nìkan ló bàjẹ́, òfin àgbáyé lè má pè é ní ìjàm̀bá, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n fi tó NSIB létí, àjọ tó ń wádìí irú ọ̀rọ̀ báyìí lórílẹ̀-èdè wa. Ìwádìí wọn kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́ ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Mi ò ní sọ pé kò sí ewu nínú iṣẹ́ yìí, torí ó wà, kò sì sí olùkọ́ tó lè ṣèlérí fún òbí pé nǹkan kan ò ní ṣe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí nìkan, mi ò ní mú ọmọ wálé. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa wò. Ṣé wọ́n dá báálù méjèèjì dúró títí ẹnjiníà fi yẹ̀ wọ́n wò tó sì fọwọ́ sí i? Ṣé wọ́n pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ, tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, àbí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta? Ṣé ọmọ tó bá sọ àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jìyà níbẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń fi nǹkan pamọ́, ibẹ̀ ni màá ti yọ ọmọ mi, bí wọn ò tiẹ̀ fi apá họra rí. Bàbá rẹ̀ lè lọ fúnra rẹ̀, kó béèrè lójúkojú. Òbí ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ohun kan wà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é, olùkọ́ ò lè bá yín ṣe é. A tọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fún yín rí ìrù báálù yẹn, ó sì dákẹ́ nítorí pé mo jẹ́ àgbà. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ìbá fi sọ ọ́. Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ sọ fún un lẹ́nu ara yín, ní Yorùbá, pé ẹ̀yin ìyá rẹ̀ lẹ ní kó ṣe é: bó bá wà nínú báálù, tí ojú rẹ̀ sì rí nǹkan, ì báà jẹ́ ẹni tó ju bàbá rẹ̀ lọ ló jókòó tì í, kó pariwo "Dúró!" kó sì fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì kó tó máa tọrọ àforíjì. Ẹ wá bi í pé nígbà tó bá fẹ́ ka ìwé rẹ̀ nílẹ̀, kí ni báálù ń ṣe lọ́wọ́. Bó bá ní "Ó ti dúró, Mọ́mì," ẹ jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí èsì rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá pè é fúnra mi.